Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ìwé Àkékúrú Wo Ni Kí Àwọn Ọmọ Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ Yorùbá ni mí ní agbègbè Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ọmọ SS2 mi ti ka *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀*, ìwé ìtàn tí D. O. Fágúnwà kọ, tán, wọ́n sì há kókó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí láti inú ìwé àkékúrú kan, ìyẹn ìwé pẹlẹbẹ tó ń sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí wọ́n tú ìwé náà palẹ̀, ìtàn náà ni wọ́n ń sọ fún mi. Ìwé àkékúrú wo ló dára jù?

ÌDÁHÙN: Kò sí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra ìkankan. Ó ti sú mi láti máa dáhùn ìbéèrè yìí láti Ọ̀yọ́ níbí.

Ẹ ní wọ́n ti ka ìwé náà tán. Ẹ jọ̀ọ́, wọn ò kà á. Ìwé tí ẹlòmíràn kà ni wọ́n há sórí. Ẹni tó kọ ìwé pẹlẹbẹ yẹn ti jẹ ẹran, egungun ló jù sílẹ̀ fún ọmọ, òun náà wá ń ka egungun.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ìwé pẹlẹbẹ á ní, “Akàrà-oògùn, ọdẹ tí ìtàn náà dá lé, jẹ́ akíkanjú.” Ọmọ á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ló sọ pé akíkanjú ni? Akàrà-oògùn fúnra rẹ̀ ni! Òun ló wá bá òǹkọ̀wé, tó ní kó máa kọ ọ̀rọ̀ òun sílẹ̀. Ọdẹ ló ń ròyìn ara rẹ̀, ṣé ẹ̀yin náà sì mọ bí ọdẹ ṣe ń ròyìn ìgbẹ́. Ìdí nìyí tí ìbéèrè àkọ́kọ́ fi gbọdọ̀ jẹ́: ta ló ń sọ̀rọ̀, ṣé a lè gbà á gbọ́? Olùsọ̀tàn la ń pe ẹni bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ lọ wá ibi tí ẹ̀rù ti ba ọkùnrin náà, kó fi ìka tọ́ ọ fún yín nínú ìwé. Kó tún sọ ìdí tó fi kọ́kọ́ sọ bí bàbá rẹ̀ ṣe pa ìyá rẹ̀ kó tó mú wa wọ igbó. Ọmọ tó bá lè jiyàn lórí ìyẹn, tó sì ń ṣí ìwé láti fi gbe ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ti ń ṣe ìtúpalẹ̀. Àwọn ọmọ kan náà yìí kúkú ń fi gbogbo ìsinmi ọ̀sán jiyàn lórí fíìmù tí wọ́n wò lálẹ́ àná. Ta ló fún wọn ní àkékúrú ìyẹn?

(Ọ̀yọ́ níbí, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew’s, ni Fágúnwà ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà tí ìwé náà jáde ní 1938. Mi ò rò pé àkọ́sórí ló ní lọ́kàn.)

Ní ti ọnà èdè (bí òǹkọ̀wé ṣe ń fi èdè dárà) àti ìfìwàwẹ̀dá (bó ṣe ń fi ìwà wọ ẹ̀dá ìtàn), ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Mi ò ṣèlérí pé gbogbo wọn á yege o. Ìwé tí àjọ ìdánwò ń yàn máa ń yí padà, ẹ wo sílábọ́ọ̀sì tọdún yìí kí ẹ tó tẹ̀lé mi. Bí ẹ bá sì rí ọmọ tí kò tilẹ̀ lè ka àmì ohùn, ìwé kíkà gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Ajé, ojú ewé méjì péré ni kí ẹ kà sókè. Ẹ gba ìwé pẹlẹbẹ yẹn lọ́wọ́ wọn kó tó dìgbà náà, ṣùgbọ́n ẹ kọ orúkọ oníkálukú sí i, kí òbí kan má bàa wá sọ pé ẹ gba ẹrù ọmọ òun.