Èsì: Ìdí tí ẹni mẹ́ta ẹ̀yìn kì í fi fi idà jà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní nínú Wizardry, géèmù kọ̀ǹpútà ti ọdún 1981, mẹ́ta nínú ẹni mẹ́fà tí ẹ kó jọ kì í fi idà ṣe nǹkan kan, àti pé gbogbo wọn ń kú ní ìpele àkọ́kọ́ ihò abẹ́ ilẹ̀ tí ìjà ti ń wáyé. Bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà nìyẹn: ẹni mẹ́ta iwájú nìkan ni idà wọn ń tó ọ̀tá. Nítorí náà, ẹ kó àwọn tó wọ ẹ̀wù irin síwájú, kí onídán wà lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ ọfọ̀ ló ṣe kókó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí a jọ ń ṣe géèmù àtijọ́ níhìn-ín ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ló ń ná agbára onídán wọn sórí HALITO, iná tí kì í jó ju ọ̀tá kan lọ, nígbà tí KATINO lè mú kí odidi ọ̀wọ́ ọ̀tá kan sùn lọ fọnfọn, tí idà tó bá sì ba ẹni tó ń sùn yóò ṣe é léṣe ní ìlọ́po méjì. Ẹ máa ń pàṣẹ fún ẹni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí abala ìjà kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kan onídán ṣáájú ọ̀tá, àwọn ọ̀tá lè ti sùn kí wọ́n tó gbé ọwọ́ sókè. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí làákàyè ló ń borí níbẹ̀.

Bí ọfọ̀ bá tán, ẹ padà sí ilé àlejò, kí onídán àti àlùfáà sùn ní ilé ẹṣin: ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń dá agbára ọfọ̀ padà.

Ẹ má fi ọgbọ́n yìí ṣe Dungeon Master, géèmù mìíràn ti ọdún 1987 o, nítorí ọ̀tá ibẹ̀ kì í dúró kí ẹ ronú tán.