Kí ló ń mú kí ìwà ẹ̀dá ìtàn yí padà nínú eré pọ́díkáàsì tó ti pẹ́ lórí afẹ́fẹ́?

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá òǹkọ̀wé ló gbàgbé ìwà tó fún àwọn ẹ̀dá ìtàn níbẹ̀rẹ̀. Rárá o, ọjọ́ ló ń gorí ọjọ́. Ohùn nìkan la ní nínú irú eré yìí. A ò lè rí ewú orí, a ò lè rí aṣọ. Inú ọ̀rọ̀ ẹnu ni àyípadà ti gbọ́dọ̀ hàn. Ká ní ọmọọṣẹ́ téló kan ní Lágéré, nílùú Ifẹ̀ wa níbí, ló wà nínú ìtàn. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní "ìwọ". Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá kọ́kọ́ kí i pé "Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá", olùgbọ́ ti mọ̀ pé ó ti gbòmìnira. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an, torí èdè wa fúnra rẹ̀ ló ṣiṣẹ́ náà.

Nígbà míì, òṣèré ló ń dàgbà pẹ̀lú ẹ̀dá ìtàn. Nínú The Archers, eré rédíò BBC, òṣèré Norman Painting kó ipa Phil Archer láti 1950 títí Painting fi kú ní 2009.

Bí ẹ bá ń kọ tiyín, ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ àti ẹni tó ń bá yodì.