Ṣé dandan ni ká máa pààrọ̀ kánúlà lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń yọ kánúlà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ kí omi tàbí oògùn lè gba ibẹ̀ wọlé, tó wà lápá aláìsàn, ká tó gún òmíràn. Ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ní ìwádìí ti fi hàn pé kò pọn dandan. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?

Ìdáhùn: Òótọ́ lẹni náà sọ, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ, ìdajì tó kù ló sì ń dáàbò bo aláìsàn.

Ẹ kọ́kọ́ dín ìbéèrè yín kù. Ẹni tó bá kàn wá "ìtọ́jú kánúlà" lórí íntánẹ́ẹ̀tì á rí àpilẹ̀kọ rẹpẹtẹ tí kò ní lè kà tán. Ẹ bi ara yín ní nǹkan mẹ́rin: irú aláìsàn wo ni, kí la fẹ́ ṣe fún un, kí la fẹ́ fi wé e, kí la sì ń wò bóyá ó máa ṣẹlẹ̀? Tiyín á wá rí báyìí: tá a bá fi kánúlà sílẹ̀ lápá àgbàlagbà títí dìgbà tá a bá rí àmì pé ó yẹ ká yọ ọ́, dípò ká máa pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ṣé iṣan á máa wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Cochrane Library ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, torí wọ́n máa ń kó gbogbo ìwádìí lórí ìbéèrè kan jọ, wọ́n á sì gbé wọn yẹ̀ wò pọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àkópọ̀ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí PubMed, ìkànnì tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìwádìí ìṣègùn, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Ẹ máa rí ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet lọ́dún 2012. Àgbàlagbà 3,283 ló kópa. Bí ẹni ṣẹ́ kèké ni wọ́n ṣe pín wọn sí ọ̀nà méjì: wọ́n ń pààrọ̀ tàwọn kan lọ́jọ́ kẹta-kẹta, wọn ò sì yọ tàwọn yòókù àfi tí àmì bá wà. Nǹkan bí èèyàn 7 nínú 100 ni iṣan wọn wú, ní ọ̀nà méjèèjì. Ìyẹn ni pé gbogbo àgúntúngún yẹn ò dín wíwú iṣan kù, ẹni tí iṣan rẹ̀ ṣòroó rí ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀ jù.

Ibi tí wọ́ọ̀dù ti máa ń ṣìṣe rèé: wọ́n á mú "ẹ fi sílẹ̀", wọ́n á gbàgbé "àfi tí àmì bá wà". Báńdéèjì á bo ojú ibẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó, kánúlà tí wọn ò lò mọ́ á sì wà lápá aláìsàn lọ́jọ́ márùn-ún. Ìwádìí yẹn ò fọwọ́ sí irú èyí rárá.

Torí náà, ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ẹ bi aláìsàn bóyá ibẹ̀ ń dùn ún. Ẹ wo ojú ibẹ̀ gba inú pílásítà tó mọ́ gaara, ẹ fi orí ìka tẹ̀ ẹ́ lọ sókè díẹ̀ lórí iṣan. Tó bá pọ́n, tó wú, tó le bí okùn, tó ń jò, tó ń ṣọyún, tàbí tí omi ò wọlé dáadáa, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ yọ èyí tí kò níṣẹ́ mọ́ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n fi ìkánjú gún nígbà pàjáwìrì, tí kò dájú pé ara mọ́ dáadáa, kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 48. Ẹ má sì gbé iye tí wọ́n rí lára àgbàlagbà fún ọmọdé; ìbéèrè tiwọn lọ́tọ̀ ni.

Ẹ má dá a bẹ̀rẹ̀ o. Tí òfin ilé ìwòsàn yín bá ṣì sọ pé ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tẹ̀ lé e títí wọ́n á fi yí i padà. Ẹ gbé ohun tẹ́ ẹ rí lọ bá màtírọ́ọ̀nù àtàwọn tó ń bójú tó ìdènà àkóràn. Kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ ka iye kánúlà tẹ́ ẹ gún láàárín oṣù kan àti iye tó wú. Ẹ wá dán ọ̀nà tuntun wò ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ máa kọ ọjọ́ àti aago sára pílásítà, kẹ́ ẹ sì tún kà á lẹ́yìn oṣù kan. Tí èyí tó wú bá pọ̀ sí i, ìwé àyẹ̀wò ṣíìfù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pàápàá tòru, bóyá àlàfo wà níbi tó yẹ kí wọ́n ti fọwọ́ sí i.