Ṣé chromatography lè ya neodymium kúrò lára praseodymium?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló béèrè, torí ásíìdì kò yà wọ́n fún un. Bẹ́ẹ̀ ni, chromatography, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń ya àwọn nǹkan tó pò pọ̀ bí wọ́n ṣe ń gba inú ọ̀pá kọjá, lè ya irin méjèèjì yìí dáadáa.

Ásíìdì kàn ń yọ́ wọn pọ̀ ni. Ara ẹbí irin tí wọ́n ń pè ní lanthanide ni wọ́n; ion ẹbí yìí (átọ́ọ̀mù tó ní agbára iná) jọra bí ìbejì, 3+ ni gbogbo wọn sábà máa ń jẹ́. Títóbi wọn ló ń dín kù díẹ̀díẹ̀ láti orí lanthanum, àkọ́kọ́ ẹbí náà, dé lutetium, ìkẹyìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn la ń lò. Ẹ di resin (hóró ike kéékèèké) sínú ọ̀pá gíláàsì, ẹ jẹ́ kó gbá àwọn ion náà mú, kí ẹ wá máa da omi citrate (iyọ̀ ásíìdì inú ọsàn) sí i. Citrate máa ń di ion kékeré mú ju ńlá lọ, torí náà lutetium ló ń kọ́kọ́ jáde, lanthanum ló ń gbẹ́yìn. Ẹ lè fojú rí i: praseodymium dà bí ewé, neodymium sì ní àwọ̀ elése àlùkò. Ó dùn-ún wò gan-an!

EDTA, kẹ́míkà míì tó ń di ion mú, náà dára, àmọ́ ó nílò resin tó ti mu copper tẹ́lẹ̀. Citrate ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Frank Spedding, onímọ̀ kẹ́místrì, ló sọ ọ̀nà yìí di iṣẹ́ ńlá ní Iowa, l'Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1940. Lónìí, solvent extraction (fífi omi kẹ́míkà tí kì í pò mọ́ omi fa irin jáde) làwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò jù, torí chromatography lọ́ra. Èyí tó gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní ni wọ́n ń fi í ṣe.

Ẹ má ṣí ẹnu ìsàlẹ̀ ọ̀pá jù o. Bí omi bá sáré, wọ́n á tún jáde pọ̀.