Kí nìdí tó fi yẹ ká máa fi owó orí tọ́jú gbogbo aláìsàn?
Ìdí tó lágbára jù ni pé àìsàn kì í dúró de ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́. Tí gbogbo ìlú bá ti fi owó orí dá owó náà jọ, aláìsàn á tètè lọ rí dókítà kí àrùn tó wọra, torí àrùn tó ti wọra ló ń gbówó jù. Bí Ìlú Ọba ṣe ń ṣe é nìyẹn láti oṣù Keje ọdún 1948. Amẹ́ríkà ń ná nǹkan bí 17% ọrọ̀ ajé rẹ̀ lórí ìlera, síbẹ̀ ó lé ní mílíọ̀nù 20 èèyàn níbẹ̀ tí kò ní ìdójútòfò ìlera kankan, ìyẹn ètò tó ń báni san owó ìtọ́jú. Owó orí á ga lóòótọ́, èèyàn sì lè pẹ́ kó tó kàn án fún iṣẹ́ abẹ. Lójú tèmi, ó ṣì sàn ju kí ìdílé ta ilé torí àìsàn ọmọ wọn.