Ọjọ́ 15 oṣù kìíní: ṣé ọjọ́ ìdìtẹ̀ ni àbí ọjọ́ tógun parí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ọ̀rọ̀ kan ló di àríyànjiyàn nílé wa. Ọmọ mi ní wọ́n kọ́ àwọn níléèwé pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní tíjọba fi ń rántí àwọn sójà, ọjọ́ tógun Biafra parí ni. Bàbá mi yarí pé rárá o, ọjọ́ tí wọ́n pa Akíntọ́lá n'Íbàdàn ni, pé òun ò lè gbàgbé ẹ̀ láéláé. Èwo ni ká gbà? Ìyá Ìbejì, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, àwọn méjèèjì ló gbà á, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ bàbá bẹ̀rẹ̀. Òru Friday mọ́jú Saturday, 15 oṣù kìíní 1966, làwọn ọ̀gá sójà kan tí wọn ò tíì dàgbà púpọ̀ dìtẹ̀ gbàjọba. Major Nzeogwu ló ṣáájú wọn ní Kaduna, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Sàdáúnà, Ahmadu Bello, Prẹ́míà Àríwá, l'Ékòó wọ́n gbé Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba lọ, ó tó ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí òkú ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Abẹ́òkúta. N'Íbàdàn wọ́n ká Akíntọ́lá mọ́lé, Prẹ́míà Ìwọ̀ Oòrùn nígbà yẹn, òun náà yìnbọn padà fún wọn kí wọ́n tó rí i pa. Ohun tó máa ń dùn mí ni pé a kì í sábà dárúkọ àwọn sójà tí ìdìtẹ̀ náà gbẹ̀mí wọn lóru yẹn, bíi Brigadier Adémúlẹ́gùn ọmọ Oǹdó tí wọ́n pa tòun tìyàwó ẹ̀ nínú ilé wọn ní Kaduna, àti Colonel Ṣódẹ̀índé.

Wàhálà wá ń bí wàhálà. 29 oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún dìtẹ̀, wọ́n mú Ironsi, ọ̀gá sójà tí ìjọba bọ́ sí lọ́wọ́ lẹ́yìn ìdìtẹ̀ àkọ́kọ́, àti Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀ Oòrùn tó gbà á lálejò n'Íbàdàn, wọ́n pa àwọn méjèèjì, Gowon gorí oyè. Wọ́n pa àwọn Ígbò nípakúpa lókè Ọya, Ojukwu, gómìnà Ìlà Oòrùn, kéde nínú oṣù karùn-ún 1967 pé àwọn ti ya kúrò lára Nàìjíríà, àwọn ti di Biafra, ogun dé. Nígbà tápá ò ká a mọ́, Ojukwu fi ìlú sílẹ̀, Effiong, igbákejì ẹ̀, ló kù tó kéde lórí rédíò pé àwọn ti túúbá, ó wá sí Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba nígbà yẹn l'Ékòó, níwájú Gowon láti fòpin sí i. Ọjọ́ wo nìyẹn? 15 oṣù kìíní 1970, ọdún mẹ́rin gééré!

Ọmọ yín ló mọ ìdí tíjọba fi mú ọjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, 11 oṣù kọkànlá la fi ń rántí àwọn sójà, ọjọ́ tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ parí, ogun tiwa yìí ni wọ́n tìtorí ẹ̀ sún un.

Mo ti lọ síbi ayẹyẹ náà rí. Wọ́n ṣí àgò ẹyẹlé funfun, ọ̀kan ò fò, ó ń rìn kiri lẹ́sẹ̀ àwọn opó sójà, ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé e sókè títí tó fi lọ.

Ẹ bá mi bẹ bàbá, kí wọ́n jókòó ti ọmọ yẹn, kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n gbọ́ láàárọ̀ Saturday yẹn fún un, kó kọ ọ́ sílẹ̀.