Ṣé lóòótọ́ ni sìgá ń la ọpọlọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí mo bá ti fa sìgá kan láàárọ̀, orí mi á pé, ìwé á sì máa yé mi. Nígbà tí mo fẹ́ jáwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ojú ìwé kan ṣoṣo tí n kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ṣé kì í ṣe sìgá ló ń ti ọpọlọ mi lẹ́yìn?

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí, ìtumọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 tí ẹ bá fa èéfín, nikotíìnì, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, ti dé ọpọlọ. Ìjókòó acetylcholine, ọ̀kan lára àwọn èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, ló lọ ń gbà. Dopamine, èròjà ọpọlọ tó ń mú inú dùn, á tú jáde, ara á yá. Bó bá di ojoojúmọ́, ọpọlọ á fi kún iye ìjókòó náà. Ìdajì nikotíìnì inú ẹ̀jẹ̀ sì ń lọ láàárín nǹkan bí wákàtí 2, nítorí náà kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀pọ̀ ìjókòó ti ṣófo: ọkàn kò pa pọ̀ mọ́, inú ń bíni ṣáá. Ibi tí ẹni tí kì í mu sìgá ti jí bá ara rẹ̀ ni sìgá àárọ̀ ń tì yín dé. Kò tì yín kọjá ibẹ̀.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni ti iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èéfín ń mú kí iṣan ọpọlọ le, kí ó sì fún. Ọ̀nà tí rọpárọsẹ̀ àti àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó ń gbà wọlé nìyẹn.

Tí ẹ bá tún fẹ́ jáwọ́, ẹ má ṣe mú ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́ ló le jù; láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, yóò rọlẹ̀. Ẹ dín kọfí kù sí ìdajì. Èéfín ló ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè lọ kaféènì, èròjà inú kọfí tó ń lé oorun, dànù. Bí èéfín bá dáwọ́ dúró, kaféènì á pẹ́ lára, àyà á máa já, oorun á dá, ẹ ó sì rò pé sìgá ló ń pè yín.

Ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì ń ranni lọ́wọ́. Ẹni tó ń mu sìgá kí ìṣẹ́jú 30 tó pé lẹ́yìn tó jí, ti 4 mg ni kó lò; àwọn yòókù, 2 mg. Ẹ rọra jẹ ẹ́ títí yóò fi máa ta lẹ́nu, kí ẹ wá fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún jẹ ẹ́, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ wàìwàì bíi ṣingọ́ọ̀mù lásán ń gbé nikotíìnì mì pẹ̀lú itọ́ ni: òsúkè àti inú rírun ló máa rí. Ẹ má ṣe mu kọfí tàbí omi èso ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú rẹ̀, torí kíkan wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fa nikotíìnì. Aboyún àti ẹni tó ní àrùn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.